Bí Mo Ṣe Fi Kọ́bọ́ọ̀dù Ìrókò Wọ Ọkọ̀ Òkun ní Àbújá

Àkùkọ kan ṣoṣo ló tíì kọ ní Jikwoyi nígbà tí mo gbé àpò irinṣẹ́ mi kọ́ èjìká lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ẹni tí kò bá tètè jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya yóò gbé e mì. Ẹ̀yin ará ilé ní Ìṣẹ́yìn, mo mọ obìnrin kan tó kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n tó dé Berger, ọmọ náà ló sanwó mọ́tò ìyá rẹ̀. Igba náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èmi, mo sì tún san ọgọ́rùn-ún láti Berger dé Jabi.

Ní Jabi, mo ra kosai lọ́wọ́ obìnrin Haúsá kan. Àkàrà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tiwa nílé máa ń kún ọwọ́. Tiwọn kò ju àtàǹpàkò lọ, náírà mẹ́wàá sì ni ẹyọ kan. Ó ní "Sànnu, Baba," ìyẹn ni pé ó ń kí mi. Mo ní "Yauwa." Ibẹ̀ ni Haúsá mi parí sí, bẹ́ẹ̀ ogún ọdún rèé tí mo ti ń sọ fún yín nílé pé mò ń bá wọn ṣe ògbifọ̀.

Omi ni mò ń lọ wọ̀. Ẹ má bi mí pé kí ni òkun ń ṣe ní Àbújá. Kò sí òkun níbẹ̀. Adágún ni omi Jabi, wọ́n sé e ni. Ṣùgbọ́n Dàírẹ́tọ̀ ra ọkọ̀ òkun síbẹ̀. Ìjẹ̀bú ni Dàírẹ́tọ̀, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa. Ọkọ̀ kékeré náà ní ìdí méjì, bí ìgbà tí a gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí a wá kan ilé pákó lé wọn lórí. Omi ń gba àárín wọn kọjá lábẹ́ pákó. Katamaráànì ni òyìnbó ń pè é, ìgbòkun aṣọ ló sì ń gbé e rìn.

Dàírẹ́tọ̀ fẹ́ fi tírélà gbé e dé Èkó, kó sì fi gba ojú òkun lọ sí Kútọnu lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbàdúrà sí i, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Fúnkẹ́, náà dìde níbẹ̀ pé ibi tí ọkọ òun bá ń lọ ni òun ń lọ. Obìnrin náà kò mọ omi í wẹ̀, kódà nínú báàfù. Bí ọkọ̀ bá gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ sọdá adágún tó sì padà lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ.

Èmi ni mo ṣe inú ọkọ̀ náà. Dàírẹ́tọ̀ ra pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó rí bíi bisikíìtì, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gbé kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo ní ní Àpápá tí mo ti ṣe ọkọ̀ òkun mẹ́tàdínlógún, ìrókò ni a ń lò. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé n kò ṣiṣẹ́ ní Àpápá rí. Ó gbà mí gbọ́. Mo fi ìrókò kan bẹ́ẹ̀dì, mo fi kan tábìlì, mo fi kan kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rin tí erin lè jókòó lé.

Nígbà tí mo dé etí omi, Akínṣadé ti wà níbẹ̀, ó ń wo ọ̀dà pupa tí wọ́n fi la ìlà sí ìdí ọkọ̀. Wẹ́dà ni, ọmọ Ìlàjẹ, orí omi ni wọ́n bí i sí. Òun ni yóò tọ́ ọkọ̀. Ó yẹ kí ìlà pupa náà wà lókè omi, ṣùgbọ́n a kò rí i mọ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹrù ṣì ń bọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá ti ní ará ní Kútọnu ló di ẹrù wá: èlùbọ́, iṣu Gwagwalada, ẹ̀wà, ọlọ ata. Fírísà àti jẹnẹrétọ̀ Dàírẹ́tọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ni odó yìí?" Akínṣadé béèrè.

"Ìyá Àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n bá òun gbé e fún ọmọ òun," Dàírẹ́tọ̀ dáhùn.

"Ṣé wọn kì í gbẹ́ odó ní Kútọnu ni, sà?"

"Wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ṣé kí n wá sọ fún Ìyá Àdúrà pé ọkọ̀ mi kò lè gbé odó? Èmi?"

"Fífúyẹ́ ni agbára ọkọ̀ yìí, sà. Ọkọ̀ onídìí kan máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dojú dé, yóò kìlọ̀ fún yín. Èyí kì í kìlọ̀."

"Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe mẹ́tàdínlógún, ẹ dá a lóhùn."

Mo wúkọ́. Mo ní, "Ẹrù ló ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin." Màmá Fúnkẹ́ wò mí, ó sì wọ ọkọ̀, àwa yòókù tẹ̀ lé e.

Ní àlọ, ó dùn. Ọkọ̀ kò mì, tíì tó wà nínú ife Dàírẹ́tọ̀ kò dà. Ẹja kan gba abẹ́ wa kọjá tó gùn tó bíríjì Nyanya, ó gbójú sókè wo kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó sì mi orí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe fẹ́ yí padà ni afẹ́fẹ́ òjò dé. Ìgbì omi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í lu pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, gbì, gbì, nítorí ẹrù ti tẹ̀ wá mọ́lẹ̀, àyè kò sí fún omi láti kọjá mọ́. Akínṣadé ń yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ kọ̀. Ẹ̀yìn ni a ń lọ, sí ibi òkúta etí omi.

"Ẹ ju odó yẹn sómi!" Akínṣadé kígbe.

"Odó Ìyá Àdúrà?" Dàírẹ́tọ̀ gbá odó mọ́ra. Omi ti ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn.

Akínṣadé já ìgbòkun wálẹ̀, ó ju ìdákọ̀ró sómi. A dúró, ó ku nǹkan bí apá mẹ́ta ká gbá òkúta. Nígbà náà ni Màmá Fúnkẹ́ di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ẹ dákun. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n gbé èyí lọ sójú òkun?"

Irọ́ mẹ́ta ló wá sí mi lẹ́nu, wọ́n dára gan-an. N kò lè sọ ìkankan.

Mo ní, "Rárá. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ló kọ́kọ́ rì í. N kò dé Àpápá rí."

Dàírẹ́tọ̀ bú mi ní Ìjẹ̀bú, n kò lè kọ ọ́ síbí. Nígbà tí a wọ́ ọkọ̀ dé èbúté, Akínṣadé ní ká kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A kó o, mo sì tú ìrókò mi. Òun nìkan ló wá gbé ọkọ̀ náà jáde, nínú afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó fò bí lékeléke. Ó sọdá, ó yí, ó padà, ìlà pupa náà hàn rekete.

"Báyìí, yóò dé Kútọnu, sà," Akínṣadé sọ. "Aṣọ ìpààrọ̀, oúnjẹ, omi mímu, ó tán."

Dàírẹ́tọ̀ wo ọkọ̀, ó wo òkìtì ẹrù. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹnì kan láti Kabusa ní òun ní àpò gààrì méjì fún Kútọnu.

"Ẹ máa gbé e bọ̀," ló sọ. Ó pa fóònù. "Ọlá mi kò lè wọ Kútọnu lọ́wọ́ òfo. Ojú títì ni a ó gbà."

Màmá Fúnkẹ́ jókòó lórí odó, ó rẹ́rìn-ín títí ìborí rẹ̀ fi jábọ́. "Ibi tí ọkọ mi bá ń lọ ni mò ń lọ!"

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ọkọ̀ kékeré onídìí méjì lè wọ òkun o. Àwa tí a kò lè jáde nílé láìgbé odó ẹlòmíì ni kò lè wọ̀ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Jikwoyi pẹ̀lú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan lórí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyálé ilé mi. Ó gba ti ẹja tó mi orí gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti jẹ́wọ́, ó gba ilẹ̀kùn náà lórí mi, ó ní, "Baálé mi, ẹ wá jẹun. Irọ́ tòní ti pọ̀ jù."