Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Bàbá Mi Kò Lè Gun Òkè

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi kú sórí òkè. Mẹkáníìkì ni mí ní Ilare. Èmi ni mo fi fáìlì tí a fi ń họ irin fẹ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí mo rò pé ihò ńlá ni agbára ńlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a di kòkó kún ọkọ̀, mo sì jókòó ti bàbá mi. Nígbà tí a dé àárín òkè, ẹ́ńjìnnì kú. Bíréèkì kò gba ẹrù náà dúró.

"Bẹ́ sílẹ̀," bàbá mi sọ fún mi jẹ́ẹ́.

Mo bẹ́. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn sáré ṣubú sínú kòtò, irin sì há bàbá mi lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ ẹsẹ̀ náà. Àwọn èèyàn fà á yọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. N kò sunkún.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wo ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní, "Ọkọ̀ eré sísá ni ihò ńlá yẹ. Èyí tó ń rọra gbẹ́rù gun òkè, ihò tóóró ni afẹ́fẹ́ ń gbà yára wọlé kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè lágbára."

Ní ilé ìwòsàn, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi.

"Mo ti mọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè pé ọkọ̀ náà kò lágbára," ni ó wí. "N kò fẹ́ dójú tì ọ́ ni."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lọ́sàn-án. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ ohunkóhun lára.