Apá Kejì Eré Ọjọ́rú

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo gbọ́ tí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn ń bá fóònù rẹ̀ jà nínú yàrá. Fíìmù kan tí ó ti ń retí apá kejì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló jáde, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ó ní wọ́n ti ba eré náà jẹ́, wọ́n tan òun jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí apá kejì fíìmù kan ṣe nílé wa fún yín.

Iléṣà la wà, ní àwọn ọdún tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Bàbá mi, olùkọ́ ni wọ́n, ní tẹlifíṣọ̀n kan tó wà nínú àpótí onílẹ̀kùn, tí a máa ń tì bí ẹni ti kọ́bọ́ọ̀dù. Yèyé Bánjí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ń gbé yàrá méjì lẹ́yìnkùlé wa. Obì ni ó ń tà. Bánjí nìkan ló bí, Bùọ̀dá Bánjí sì ti gba ọ̀nà Líbíyà lọ láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ, Kánò ló sì ti kọ ọ́.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Yèyé á gbé agbọ̀n obì rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa, á máa bó o bó ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n. Eré Ọjọ́rú la ń pe eré náà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa rántí orúkọ tí wọ́n fún un gan-an. Ó dá lórí opó kan, Ìyá Ládàpọ̀, tí ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí ìyá yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ọ̀bẹ Yèyé á dúró lórí obì. Nígbà kan, ó mú orúkọ Ládàpọ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wọn. Wọ́n ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí kí ìyàwó pásítọ̀ tó béèrè àdúgbò tí ìdílé náà ń gbé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Yèyé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀; ó ní àdúrà kì í ṣòfò.

Lọ́jọ́ kan, eré náà dópin lójijì. Ìyá Ládàpọ̀ jókòó, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó dìde, ó fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A retí Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ètò àgbẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún méjì gbáko la fi jiyàn lórí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó dá Yèyé lójú pé Ládàpọ̀ ni. Ó ní bí kì í bá ṣe òun, kí ló dé tí wọ́n fi pa á mọ́ fún wa.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mọ́tò kan gba Èrèjà kọjá pẹ̀lú gbohùngbohùn, tó ń kéde pé apá kejì ti jáde ní fídíò, pé a óò rí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo sáré lọ yá a. Bàbá mi ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í dá a jẹ. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan wa méjì ní Ìwàrà, wọ́n pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà. Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá mi pa adìẹ, a gúnyán. A fi Yèyé jókòó sórí àga bàbá mi láàárín pálọ̀, a sì rí i pé òun ló kọ́kọ́ jẹun. Ìfẹ́ la fi ṣe gbogbo rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí fíìmù náà. Ìyá Ládàpọ̀ tí a mọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀. Obìnrin mìíràn ni, góòlù kún ọrùn rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn kankan. Wọ́n ń jà sí oyè, ọkùnrin kan ń tu iná lẹ́nu. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, obìnrin kan tó ń jẹun sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ládàpọ̀ kẹ̀? Ọmọ yẹn ti kú tipẹ́." Ó sì bu òkèlè mìíràn.

Ojú ń tì wá láti wo Yèyé, ṣùgbọ́n òun ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílẹ̀ wa, a kì í sọ òfò ọmọ fún ìyá lójúkojú. Ẹbí á kọ́kọ́ péjọ, àwọn ará ìjọ á wá, wọ́n á mú un jókòó sáàárín, wọ́n á rí i pé ó jẹun. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan á wá mú ọ̀rọ̀ ìyá mìíràn tí ọmọ rẹ̀ kú wọlé, títí onítọ̀hún á fi gbọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Yèyé wo àwọn ará Ìwàrà, ó wo ẹgbẹ́ àdúrà, ó wo abọ́ tó ti jẹun tán.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ fara balẹ̀ ṣe é. Mo ti gbọ́."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n búra pé kò sí nǹkan kan, pé fíìmù lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó wá túfọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ náà nìyẹn. Bí a ṣe ń búra tó ni ó ń dá a lójú tó. Ó bọ́ yẹtí etí rẹ̀, ó lọ sí yàrá rẹ̀, kò sì tún bó obì kan mọ́ láyé.

Lẹ́yìn oṣù méje ni lẹ́tà Bùọ̀dá Bánjí dé láti Trípólì. Bàbá mi sáré gbé e wọlé, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. Yèyé gba bébà náà, òun tí kò mọ̀wé, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ti dára sí i, àbúrò mi."

A pe olùkọ́ mìíràn láti òdìkejì títì kí ó wá kà á. Yèyé dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ lè dé kó má ráàyè wọlé. Yèyé ń rù, ilé ìwòsàn kò rí àrùn kankan, a sì sin ín nígbà ọyẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni Bánjí dé pẹ̀lú báàgì méjì. Àwọn ará Ìwàrà tún wá, ẹgbẹ́ àdúrà tún wá, a fún un lóúnjẹ kí a tó fẹnu ba ọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ ikú Yèyé tán, ó bi bàbá mi bóyá ìyá òun retí òun. Bàbá mi ní ìyá rẹ̀ retí rẹ̀ títí dọ́jọ́ ikú.

Lónìí, orí fóònù ni òfò ń bá ènìyàn, àní láàárín ọjà, pẹ̀lú àwòrán. Mo máa ń bú àṣà náà, ṣùgbọ́n n kò lẹ́nu láti fi tiwa yangàn. Bàbá mi ti lọ. Bánjí kọ́lé sí Ọ̀fàtẹ̀dó, ibẹ̀ náà la sin ín sí, ó ku èmi tí mo yá fídíò náà. Nígbà àìsàn rẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà, torí ó mọ̀ pé mo wà nílé nígbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Yèyé retí yín títí," ni mo wí.

Ó dúpẹ́, ó kọjú sí ògiri. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ó mọ bí ìdílé wa ṣe ń sọ̀rọ̀.