Ilẹ̀kùn Màmá Tí Kọ̀ǹpútà Ò Mọ̀

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lẹ́yìn ilé wa n'Ísọlọ̀ nígbà tí káfíńtà pè mí láti Ṣógúnlé. Ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí, ó ní òun ń bá mi yọ òkúta, ẹ̀wà gan-an ló sì ń jù nù.

Káfíńtà ní, "Àǹtí, mo ti fi gbogbo ilẹ̀kùn sí. Ó ku ojú kan tí kò ní, yàrá Màmá tó kọjú síta yẹn. Kò sí nínú iye tí ọ́fíìsì yín fún mi. Ilẹ̀kùn kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi níbí, ṣé kí n kúkú gbé e síbẹ̀?"

Mo ní kó dúró ná, mò ń bọ̀. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó gbé ẹ̀wà wọlé.

Màmá tó ń wí yẹn, ìyá ọkọ mi ni. Ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ní Ṣógúnlé, ibẹ̀ ni Màmá bí gbogbo ọmọ wọn sí, àwọn ọmọ sì ti lọ gbé ibòmíì. Ilẹ̀kùn yàrá wọn ò rí bíi ti yàrá yòókù. Wọ́n gé e sí méjì ní ìbú: apá ìsàlẹ̀ ní hínjì tiẹ̀, apá òkè ní tiẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Màmá á ṣí tòkè, wọ́n á fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní títì kí ewúrẹ́ àdúgbò má baà wọlé. Wọ́n á gbé àga síbẹ̀, wọ́n á gbé apá lé etí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ò ní kọjá láìkí wọn. Àwọn náà á dáhùn, wọ́n á tún fi tiwọn kún un: "O jíire bí? Bàtà ẹ yẹn mà ti ń yánu o."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ di òfin, àmọ́ gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n: bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òkè ilẹ̀kùn yẹn ò ṣí, nǹkan ń bẹ. Ìgbà tí mo wà nínú oyún ọmọ mi, Màmá ṣubú nínú yàrá, wọn ò lè dìde. Fóònù wà lórí tábìlì, ọwọ́ wọn ò tó o. Obìnrin tó ń din àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán ló rí i pé òkè ò ṣí, ló bá wá kànkùn. Ohun tó gbé Màmá dé ọsibítù lásìkò nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ wá ní àwọn fẹ́ wó ilé náà kọ́ tuntun, Màmá ò bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn ní, "Ẹ wó o. Àmọ́ ilẹ̀kùn mi, ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí."

Èmi ni mo ya ilé náà sórí kọ̀ǹpútà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ya àwòrán ilé ní Àjàó Estate. Ọ̀gá á fi pẹ́ńsù yà á, èmi á gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti wà nínú ẹ̀rọ náà bí ọjà tí wọ́n tò sórí àtẹ. Èèyàn á mú èyí tó bá wù ú, á gbé e lé ara ògiri, ògiri á sì yà fún un. O lè mú kó fẹ̀, o lè mú kó kúrú, o lè yí ọ̀nà tó ń ṣí sí padà. Àmọ́ ẹni tó to ọjà yẹn ò gbé Ṣógúnlé rí. Mo wá ilẹ̀kùn tí wọ́n gé sí méjì títí, n ò rí. Mo wá dọ́gbọ́n, mo fi ilẹ̀kùn kúkúrú sísàlẹ̀, mo fi fèrèsé lé e lórí. Ẹ̀rọ gbà á, àmọ́ ó fi ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín méjèèjì, kò jẹ́ kí wọ́n fara kanra.

Ọkọ mi fi àwòrán yẹn han Màmá lórí fóònù. Màmá yí fóònù síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. "Ṣé èmi ni n óò máa bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ fèrèsé wọlé, àbí ewúrẹ́ lẹ wá ń kọ́lé fún báyìí?"

Ni mo bá yọ méjèèjì kúrò. Mo dá ojú ilẹ̀kùn sí lófìfo, mo fi ìlà lásán ya ilẹ̀kùn náà sínú rẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Ó dùn ún wò. Ohun tí èmi àti ọ̀gá ò rò ni pé ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń ka ilẹ̀kùn fún káfíńtà, èyí tó bá sì ti orí àtẹ tiẹ̀ wá nìkan ló ń kà. Ti Màmá, ìlà ni lójú ẹ̀.

Mo pe ọkọ mi lójú ọ̀nà. Ó ní, "Jẹ́ kó fi èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ síbẹ̀ jàre. Sátidé ni Màmá ń kó wọlé. Wọ́n kúkú lè ṣí i sílẹ̀."

"Tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, ewúrẹ́ á wọlé bá wọn. Tí wọ́n bá tì í, ta ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n ti jí?"

Òun ló sùn ti Màmá ní ọsibítù nígbà yẹn. Ó wá ní, "Ó dáa. Bá wọn wò ó."

Nígbà tí èmi àti ọmọ mi dé Ṣógúnlé, Màmá ti débẹ̀ ṣáájú wa láti ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tí wọ́n wọ̀ sí. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kì níwájú ojú ilẹ̀kùn tó ṣófo. Káfíńtà fi ilẹ̀kùn tó ṣẹ́kù ti ògiri.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní ẹ̀rọ yín ò ka tèmi mọ́ ilẹ̀kùn."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Kò mọ ìdajì ni. Tó bá ṣí, ó ti ṣí pátá, tó bá tì, ó ti tì pa."

"Bí bàbá ọkọ ẹ ṣe rí nìyẹn, Ọlọ́run kó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wọn ò mọ ìdajì."

Káfíńtà fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ kọjá lórí wa, ó dúró kó lọ tán. Ó ní pákó gidi lòun máa fi ṣe é, kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. "Báwo ni ìsàlẹ̀ ṣe máa ga tó, Màmá?"

Mo ṣí àwòrán mi lórí fóònù. Àárín gbùngbùn ni mo fi ìlà sí, torí ibẹ̀ ló dára jù lójú. Màmá ò wò ó. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àga wá, wọ́n jókòó sójú ilẹ̀kùn náà, wọ́n gbé apá lé afẹ́fẹ́ bí ẹni pé etí ilẹ̀kùn ti wà níbẹ̀.

"Ibí."

Káfíńtà fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri lábẹ́ ìgúnpá wọn. Ó fi púpọ̀ relẹ̀ ju ìlà mi lọ. Ká ní ẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, àárín náà ni ǹ bá fi ìlà sí, pákó ni Màmá ì bá sì máa wò láàárọ̀ dípò ojú èèyàn.

"Màmá, ewúrẹ́ lè fo èyí o," ni káfíńtà wí.

"Èyí tó bá fò ó ti dàlejò."

Màmá ò kó wọlé ní Sátidé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá dúró sí títí ilẹ̀kùn náà fi délẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, ọmọ mi bi mí ìdí tí wọ́n fi gé ilẹ̀kùn Gránmà sí méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn náà.

Mo ní, "Ṣó o rí òkè yẹn? Nígbàkígbà tá a bá wá síbí láàárọ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ wò. Tó bá ṣí, kúnlẹ̀ kí wọn. Tí ò bá ṣí, má dúró dè mí. Sáré lọ kan ìsàlẹ̀, ọwọ́ tìẹ tó o."