Ikùn Mi Ni Gbogbo Wọn Ń Wò

Òórùn ẹ̀wà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ara mi kò dá. Mo dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, mo ń bá màmá àgbàlagbà kan tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti oúnjẹ ọ̀sán wọlé láti ilé ìdáná. Ẹ̀wà alépo ni, oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù láti kékeré. Bí òórùn epo yẹn ṣe kan imú mi báyìí, mo sáré dé ibi tí a ti ń fọ abọ́ ìgbẹ́, mo bì títí mo fi ń bi omi kíkorò. Nígbà tí mo gbójú sókè, Sísítà tó ń darí wọ́ọ̀dù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ikùn mi ló ń wò.

Ọdún kejì mi nìyẹn nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Adó-Èkìtì, bí àwọn ọdún 1970 ṣe ń lọ sópin. Ọdún mẹ́ta ni à ń lò kí ìjọba tó kọ orúkọ ẹni sínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. A ń kọ́ orúkọ eegun, a ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ ẹni tí kò lè dìde, bí a ṣe ń di egbò, bí a ṣe ń di òkú pàápàá. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa ni wíwò. Wọ́n ní kí a tó bi aláìsàn ní ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ wò ó: kí a mú un síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí a fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, kí a wo ẹyinjú, kí a wo ahọ́n àti èékánná. Mo gba máàkì tó ga jù nínú iṣẹ́ yẹn, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí wọn kì í fún ni ní máàkì lé lórí. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń sọ nù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń kó èyí tí wọ́n ti lò jọ, a ó fi wáyà tín-ínrín gún inú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dí i lè jáde, a ó pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta bí ó bá ti kú, lẹ́yìn náà la ó sè é. Bí mo ṣe ń ṣe èyí ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ọ̀kan gún mi ní àtàǹpàkò. Ara ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Mo sọ fún Sísítà. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ti ẹ̀fọn? Fi ọwọ́ sábẹ́ omi, kí o máa báṣẹ́ lọ." Mo fi ọwọ́ sábẹ́ omi, mo sì ń báṣẹ́ lọ.

Òfin kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀ kí a tó mọ orúkọ eegun kankan: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóyún, ilé yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, Mátírọ́ọ̀nù, tí í ṣe ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, máa ń to àwa ọmọbìnrin sórí ìlà. A ó tú bọ́tìnnì, yóò sì máa fọwọ́ tẹ ikùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ìbẹ́pẹ lọ́jà. Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa kì í tò. Wọ́n máa ń lọ mu tíì ní àkókò yẹn.

Ìdí nìyí tí n kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti ń rẹ̀ mí. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, n ó jókòó sí àárín rẹ̀. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, pàápàá ohun tó bá lépo. Abẹ́ ìhà mi lápá ọ̀tún ń wúwo, ó ń dùn mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nǹkan oṣù mi yẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bì láàárọ̀, n ó ṣí omi ẹ̀rọ kí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá má baà gbọ́. Èmi tí mo ń bẹ àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má fi àmì àìsàn pamọ́! Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún agbófinró pé òun ń bì?

Lọ́jọ́ ẹ̀wà náà, kí a tó parí iṣẹ́, Mátírọ́ọ̀nù ti ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n sùn sórí tábìlì.

"Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?"

Mo sọ òtítọ́ pé ó ti yẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Kò sí ẹnì kankan, Mà. Inú ló ń dùn mí, lókè níhìn-ín, lápá ọ̀tún."

"Mi ò bi ọ́ níbi tó ń dùn ọ́."

Ìsàlẹ̀ ìdodo mi ló tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gòkè dé ibi tí mo fi hàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé ìtọ̀ mi lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó ní ọwọ́ òun kì í purọ́. Ìtọ̀ tó ti dúdú bí omi tíì tí kò ní mílíìkì nígbà náà! Ẹnikẹ́ni tó bá gbà á sínú ìgò yóò ti mọ̀ láìsí àyẹ̀wò.

Hẹdimásítà ni bàbá mi, àgbà ìjọ sì ni wọ́n pẹ̀lú, ní àdúgbò Òkè-Ìlá nínú Adó. Mátírọ́ọ̀nù ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá mú mi lọ sílé. Wọ́n wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n jáde, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n so àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń tì í lọ, mo ń tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a dé ìkóríta Fájuyì, àwọn awakọ̀ àtàwọn ọlọ́jà ń kí wọn, "Tíṣà, ẹ kú ìrìn o!" Bàbá mi tí kì í fojú fo ìkíni ọmọdé kò dá ẹnì kan lóhùn. Mo fẹ́ jókòó sí etí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ìyá mi dúró dè wá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n fà mí wọ yàrá, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Kẹ́mi, mi ò bá ọ jà. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni, ulé yìí gbà ọ́. A jọ máa tọ́ ọmọ náà ni."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí mi lásìkò yẹn, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá jì mí. Wọ́n gbé iyán wá, "Jẹ ẹ́, usu tuntun ni," n kò sì lè gbé òkèlè kan mì. Wọ́n rí i bí n kò ṣe lè jẹun, wọ́n mi orí bí ẹni tó ti bímọ rí. Níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́, bàbá mi gbàdúrà fún "àgùntàn tó ṣáko lọ nínú ilé yìí." Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú dígí lọ sẹ́yìnkùlé láti ya irun mi. Oòrùn ti yọ. Ara ń yún mi, gbogbo apá mi ti bó fún híhọ. Bí mo ṣe gbé dígí sókè ni mo rí i, kì í sì í ṣe ojú ọmọ ni mo fi wò ó, ojú nọ́ọ̀sì ni. Mo fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Funfun ojú mi kò funfun mọ́. Ó pọ́n bí èèpo òrombó tó gbó.

Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: mo rí àìsàn tó lè pa mí, inú mi sì dùn.

Bàbá mi ti wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ti fẹ́ jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wálé, wọn kò tíì wò mí. Mo lọ dúró sí ojú ọ̀nà wọn.

"Bàámi, ẹ wo ojú mi."

"Yà fún mi, uṣẹ́ ń dúró dè mí."

"Ẹ wo ojú mi, sà!" N kò pariwo mọ́ wọn rí láyé mi. Mo fi ìka fa ìpéǹpéjú méjèèjì wálẹ̀ níwájú wọn.

Wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Báàgì ọwọ́ wọn bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì pe ìyá mi ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Ilé ìwòsàn kan náà la padà sí, nítorí kò sí òmíràn tó sún mọ́ wa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn aláìsàn, títí oòrùn fi kúrò lórí wa. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọjá nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Nígbà tó kàn mí, dókítà fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún mi, mo sì ké. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ṣé abẹ́rẹ́ gún ọ láìpẹ́ yìí?"

Ohun tó mú mi ni àwọn àgbà ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, òun ló sì ń ṣe òróǹro tí a fi ń da ọ̀rá inú oúnjẹ. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi láti ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá wú, òróǹro kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́, yóò dà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ojú pọ́n, kí ìtọ̀ dúdú, kí ara máa yúnni, kí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun. Ìwọ tí o bá rí èyí lára rẹ, má ṣe dúró kí ẹnikẹ́ni gbà ọ́ gbọ́. Lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Kò sí oògùn tó ń lé e lọ. Ìsinmi ni, àti omi gúlúkóòsì, àti sùúrù. Wọ́n fi mí sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n sàmì sí abọ́ àti ṣíbí mi. Ní alẹ́, yíyún náà kì í jẹ́ kí n sùn. Mo so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí n má baà ya ara mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìtọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Nǹkan oṣù mi padà dé. N kò rò pé ọmọbìnrin kan tíì fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ fọ aṣọ rí.

Mátírọ́ọ̀nù wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí mo lè jókòó. Ó wo ìwé tí wọ́n ń kọ bí ara mi ṣe gbóná tó sí. "Àyè rẹ ṣì wà," ni ohun tó sọ. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o pàdánù ti pọ̀ jù. Wàá tún ọdún kejì ṣe." Ó ní kí n má gbàgbé láti máa fọ ọwọ́ mi. Ó jáde. Títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí mi, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo sàn tán, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run "tó mú ìtìjú kúrò nílé Tíṣà." Wọn kò dárúkọ ẹ̀dọ̀. Gbogbo ìjọ jó, èmi náà jó, nítorí n kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kán sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń jó: ká ní oyún ni lóòótọ́, ta ni ì bá jó?

Ẹ̀dọ̀ mi ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ní ẹnu, wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹ̀dọ̀ tí kò lẹ́nu ló wú, tó jìyà, tó kọ ẹ̀rí mi sójú mi kí gbogbo ayé lè kà á. Ó ti wo ara rẹ̀ sàn láti ìgbà náà, kò sì tíì bi mí ní nǹkan kan.

Bàbá mi kò bẹ̀ mí. Bàbá Èkìtì ìgbà yẹn kì í bẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, bí mo bá wọlé tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ mú mi ní àgbọ̀n, wọ́n á yí mi sí ìhà fèrèsé, wọ́n á sì wo ojú mi. Mo di ìyá ọmọ, mo di Sísítà fúnra mi, wọn kò dẹ́kun rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi nígbà kan pé kí n sọ fún wọn pé ó ti tó. Mo gbọ́. Mo sì jẹ́ kí wọ́n máa wò ó.