Bàbá Bùkọ́lá, Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Títì

Áà, Bàbá Bùkọ́lá, ọkọ mi, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ẹ ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ní La Porte, lẹ́bàá Houston wa níbí, tí ọkàn yín sì dáṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó délé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lẹ́nu ọ̀nà kò ju pé, "Má gbàgbé láti ra epo sọ́kọ̀ o, Sátidé ti dé tán." Mo ti ra epo náà. Ọkọ̀ wà níwájú apartment wa, epo kún inú rẹ̀, ẹ̀yin ni mi ò rí.

Àwọn ará ìjọ mọ̀ yín sí ẹnjiníà tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ibi tí ẹ ń lọ láràárọ̀ Sátidé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú ni, níbi tí wọ́n ti ń ta owó góòlù ilẹ̀ South Africa. Ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín ń gbé pátákó rìn síwá sẹ́yìn níbẹ̀, ẹ ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n má ra góòlù ìjọba tó fi òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wọn, tó sì ti àwọn aṣáájú wọn mọ́lé títí irun wọn fi funfun.

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ sì mọ̀. Ìwé tí yóò jẹ́ ká máa gbé ìlú yìí kò tíì jáde. Ọkùnrin kan máa ń jókòó sínú ọkọ̀ lódìkejì títì, yóò máa ya fọ́tò yín. A kò mọ ẹni tó rán an. Bàbá ìjọ pè yín, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, àlejò ni wá níbí o. Àlejò kì í dá sí ìjà onílé." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ojú ti bá imú." La bá pín iṣẹ́: ẹ̀yin á rìn, èmi á jókòó sínú ọkọ̀ láìpa ẹ́ńjìnnì, kí n lè sáré lọ pe lọ́yà bí wọ́n bá mú yín. Ẹ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Bùkọ́lá, ìwọ lo ń sun epo jù ní gbogbo Houston."

Mọ́mì Ruth ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Nígbà tí òfin ibí kò gbà kí dúdú jókòó jẹun pẹ̀lú funfun nílé oúnjẹ, wọ́n wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó lọ jókòó síbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí wọn lórí, wọn kò dìde. Òfin ẹgbẹ́ kò pọ̀: ẹ má fèsì èébú, ẹ má sì dúró lójú kan, torí ẹni tó bá dúró ti dínà, ọlọ́pàá lè mú un.

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fojú kan Mọ́mì Ruth ńkọ́? Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tàwọn ti ọ̀pá. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ gbé pátákó sílẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ń pariwo, "Good morning, Ma!" Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń tẹ̀ lé yín rò pé àkókò ti tó láti dùbúlẹ̀ kí ọlọ́pàá wá kó wọn, bí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti máa ń ṣe nílùú yìí. Làwọn náà bá nà sílẹ̀. Ọlọ́pàá fò jáde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kí n lè sáré lọ pe lọ́yà.

Mọ́mì Ruth gbé ọ̀pá sókè. "Ọ̀gá, fi í sílẹ̀. Ó ń kí mi ni."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Àwọn náà ń kí mi."

Wọ́n wá tẹ̀ sí yín: "Dìde, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn lójú títì, ẹnikẹ́ni kò dọ̀bálẹ̀ fún mi rí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, wá kí mi nílé."

Sátidé tó kọjá, ẹnikẹ́ni kò lọ. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ló fà á. Àwọn kan kò gbé fóònù mi. Mọ́mì Ruth pè mí, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò lè dá rìn mọ́, pé bí a bá tún pa Sátidé kan jẹ sí i, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn. Bùkọ́lá ọmọ wa gbọ́. Ó ní, "Mummy, ṣé wọ́n máa dá wa padà ni?" Ìwé wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀yin tí orúkọ yín ṣáájú nínú rẹ̀ sì ti lọ. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá dúró níta, mo máa ń ká kọ́tìnnì wò ó.

Lánàá, mo gbé pátákó yín kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibi tí ọwọ́ yín ti máa ń dì í mú ti ń dán. Mo fi ọwọ́ tèmi síbẹ̀.

Ọkọ mi àtàtà, ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ṣùgbọ́n tí kì í tẹrí ba fún ìrẹ́jẹ, ẹ sùn re o, níbi tí wọn kì í ti í wo àwọ̀ èèyàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, màá wa ọkọ̀ débẹ̀, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá sì gbé pátákó náà rìn.

Ìyàwó yín,
Ìyá Bùkọ́lá