Ohùn Tí A Fi Polówó Fíìmù

Ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lójú ni mo forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Táílì ni mo ń lẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀gá mi torí ẹ̀ mú mi wá sí Ajah láti ìlú wa lápá Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JS Tírì. Ibi tí a ti ń kọ́ fíìmù yìí kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Thomas Estate. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni a ń pàdé, fún oṣù mẹ́fà. Àwọn yòókù kàwé jù mí lọ, àwọn kan nínú wọn ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé Yorùbá mi dùn.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ fẹ́ parí, olùkọ́ wa pín wa sí ẹgbẹ́ méjì. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tírélà fíìmù kan tó ń dẹ́rù bani, ìyẹn ìran oníṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ń polówó fíìmù tó ń bọ̀. Fíìmù gan-an kò sí, tírélà nìkan ni. Ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn bá wo tiẹ̀ jù, òun á mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù gidi, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ lọ síbẹ̀. Orúnkún ti ń dùn mí nídìí táílì.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ wa: ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olórí, tí a ń pè ní Madam Dàrẹ́tọ̀, ọmọkùnrin kan tó ní kámẹ́rà, àti èmi. Èmi ni mo mú ilé wá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, nínú ẹ̀sìtéètì kan tó wà lẹ́yìn títì ńlá. A ti lẹ táílì ibẹ̀ dé ìdajì kí onílé, tó ń gbé òkè òkun, tó ní ká dúró ná. Ìyá àgbà kan ló ń bá a ṣọ́ ilé náà, yàrá kan lẹ́yìnkùlé ló ń gbé. Ọmọ ibẹ̀ gan-an ni, oko àwọn bàbá rẹ̀ ló di ẹ̀sìtéètì. Màmá Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Màmá yìí ló ń bá àwọn obìnrin tó ń lọ ṣiṣẹ́ nílé àwọn olówó tọ́jú ọmọ wọn. Ọmọ méje ni. Ẹ ò ní gbọ́ iye yẹn lẹ́nu rẹ̀ láé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà bàtà wọn ni Màmá máa ń kà. Láàárọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á bọ́ sílípáàsì sẹ́nu ọ̀nà, Màmá á tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Nírọ̀lẹ́, kí àwọn ìyá tó dé, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka kan bàtà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ á máa mì. Tí bàtà bá pé, ọmọ pé.

Mo sọ èyí fún Madam Dàrẹ́tọ̀. Ó fò dìde lórí àga.

"Dúró ńbẹ̀. Bàtà? Fíìmù wa nìyẹn!"

Bí a ṣe rí ìtàn nìyẹn: ilé kan tó ń gbé ọmọ mì, tó jẹ́ pé bàtà wọn nìkan ló ń ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà. A sọ fíìmù náà ní Ó Ku Mélòó.

Nígbà tí a lọ gba àyè lọ́wọ́ Màmá, mo sọ fún un pé fíìmù tó ń dẹ́rù bani ni. Ó wò wá títí.

"Ẹ̀rù wo ló tún kù tí ẹ fẹ́ dá ba ará Èkó? Ẹ má ṣáà kun nǹkan sára ògiri onílé."

Ọ̀sán gangan la yà á. A fi ọ̀rá dúdú bo gbogbo fèrèsé kó lè ṣókùnkùn. Sóbò tí a sè pọ̀ mọ́ sítáàṣì la fi ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣúgà sì wà nínú ẹ̀, ni àwọn ọmọ bá ń lá a. Màmá ń lé wọn kiri: "Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀ jàre! Inú á run yín!" A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nìkan la yà, bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá. A wá ya ọwọ́ Màmá àti etí ìró rẹ̀, nígbà tó ń ka bàtà. Ojú rẹ̀ ò hàn rárá. A rò pé ìyẹn ti tó.

A gbé tírélà náà jáde, àwọn ará ilé wa nìkan ló wò ó. Ẹgbẹ́ kejì ti fi wá sílẹ̀ jìnnà. Ibi tí a ti ń wá ọ̀nà ni mo ti dá àbá kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Madam Dàrẹ́tọ̀ ló dá a. Irọ́ ni, èmi ni. Mo sọ fún wọn pé ní sáìtì wa, ohun tí èèyàn bá kọ, wọ́n lè máà kà á, àmọ́ tí fọ́ìsì nóòtì bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ̀yin òbí", gbogbo wọn ló máa fi ránṣẹ́ síwájú. Ká fi ohùn jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, láìsọ pé fíìmù ni. Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò bàtà. Lọ́jọ́ kẹta, ká tún gbé tírélà jáde, ká wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíìmù ni o.

Èmi náà ni mo sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀. Mo kọ́kọ́ sáré gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n lè máa mí hẹlẹ. Ohun tí mo sọ nìyí: "Ẹ̀yin òbí tó wà ní Ajah, ẹ ṣọ́ra o. Òṣìṣẹ́ ni mí, ojú mi ló ṣe. Ilé kan wà nínú ẹ̀sìtéètì tí wọn ò tíì kọ́ parí, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń ka bàtà ọmọ. Bàtà tó bá ti kà, ẹ ò ní rí ọmọ tó ni ín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn yín."

Ọ̀rọ̀ ò jáde tán lẹ́nu mi kí Madam Dàrẹ́tọ̀ tó ní ara òun bù máṣọ.

Sátidé la fi ohùn jáde. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè tí a gbé tírélà tẹ̀lé e, ohùn ti lọ níbi tó ń lọ, kò dúró de fíìmù. Lọ́jọ́ Tusidé, bíríkìlà kan tí a jọ wà ní sáìtì gbé fóònù rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, ó ní ká wá gbọ́ nǹkan. Ohùn mi ló jáde.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí," ọ̀gá mi wí, "bí ewúrẹ́ tó jí ẹ̀lùbọ́ jẹ." Ó yíjú sí mi. "Ará ọ̀dọ̀ yín lèyí o. Àbí ìwọ ni?"

"Ohùn ará Ọ̀yọ́ jọra, Ọ̀gá."

"Ó jọra lóòótọ́. Gbogbo yín ló máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Bíríkìlà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun ò gbé ọmọ àwọn lọ sọ́dọ̀ Màmá láti àná, kò sì sí ọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. "Sílípáàsì ọmọ mi wà nínú fọ́tò yẹn. Èyí tó ní labalábá lórí. Èmi ni mo rà á."

"Wọ́n ní fíìmù ni," mo wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n fẹ́ fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni."

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Táílì mẹ́ta ni mo gé bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe Madam Dàrẹ́tọ̀, a sì pa ohùn náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú fóònù gbogbo ayé. Ó ní kí n lọ wo iye èèyàn tó ti wo tírélà. Mo wò ó. A ti fi ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ pátápátá. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni mo tó lọ bá Màmá. Òun nìkan ló jókòó lórí àpótí. Fóònù kékeré tirẹ̀ ò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹnu èèyàn ló ti gbọ́.

"Wọ́n ní ọkùnrin kan sọ pé ojú òun ló ṣe. Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún ẹni yẹn?"

Mo mú fóònù jáde, mo tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Kò wo fóònù, èmi ló ń wò. Nígbà tó parí, ó ní kí n tún un tẹ̀.

"Ìwọ nìyí."

"Èmi ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, èèrà wà níbẹ̀. Kí ló dé tó o fi ń mí báyẹn? Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Mo sọ fún un pé mo sáré gun àtẹ̀gùn ni, kó lè dà bí òótọ́.

"O sáré," ó wí. "O tiẹ̀ ṣiṣẹ́ lé e lórí."

Kò pariwo. Ó ní onílé ti pe òun, oṣù yẹn ò gbọdọ̀ parí bá òun níbẹ̀. Ó bi mí bóyá mo lè lọ sọ ohun tí mo sọ yìí lójú àwọn ìyá ọmọ. Mo ní mo lè sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá dúró ní géètì ẹ̀sìtéètì, níbi tí àwọn obìnrin náà ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ohùn yẹn, pé fíìmù la fi ohùn náà polówó, pé Màmá ò ṣe nǹkan kan.

"Ta ló rán ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, Mà."

"Ẹ wo ojú ẹ̀," ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ìyá yẹn ti fún un ní nǹkan jẹ."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ọ́ ká gbọ́."

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyàwó bíríkìlà gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kan, ó dẹ etí kejì sí mi, ó mi orí. "Kò jọ ọ́. Ẹni tinú fóònù ń mí."

Ni mo bá sáré. Mo sáré dé òpó iná, mo sáré padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún un sọ lójú gbogbo wọn àti lójú Màmá. Kẹ̀kẹ́ dé, àwọn méjì wọ̀ ọ́ lọ kí n tó parí. Obìnrin kan gbá mi létí. Ìyàwó bíríkìlà ní, "Bàtà ọmọ mi ńkọ́? Ta ló ní kẹ́ ẹ yà á?"

Ọmọ mẹ́ta ló padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ti bíríkìlà ò padà. Ó ṣàlàyé fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun gbà pé irọ́ ni, "ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn lọ́la, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn èèyàn mi? Pé mi ò gbọ́?" A ṣe fọ́ìsì nóòtì mìíràn, mo fara balẹ̀ sọ òótọ́ inú ẹ̀. Kò kọjá àdúgbò. Mo bá onílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù Màmá. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ní òun gbà mí gbọ́. "Ṣùgbọ́n ta ló máa háyà ilé tí ìyá yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Ẹgbẹ́ wa ló gba ipò kìíní. Olùkọ́ ní ká ṣàlàyé bí a ṣe polówó rẹ̀ fún kíláàsì, Madam Dàrẹ́tọ̀ ò lè dìde, ni mo bá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù gidi, èmi ò lọ. Kì í ṣe pé mo ń fìyà jẹ ara mi. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni Màmá kó ẹrù, kò sì sí ẹlòmíì tó máa bá a gbé e.

Ilé àbúrò rẹ̀ ló kó lọ, ní Ìbẹ̀jú, létí ibi tí èbúté ńlá wà. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò, Màmá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. A kọjá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí a já ẹrù tán, ó fún mi lómi, ó ní kí n tètè máa lọ kí ọ̀nà tó dí.

Mo ṣì ń pè é lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó máa ń béèrè iṣẹ́ mi, kò sì dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ rí. Lóṣù tó kọjá, èmi ni mo bi í bóyá ó ti rí ọmọ tó ń bá wọn tọ́jú níbẹ̀.

"Rárá o," ó wí. "Àwọn ìyá ọmọ ibí náà ní fóònù."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun kí ìyá mi.