Ibojì tí wọn kò gbẹ́ parí ní Ekpè

Páìpù gáàsì náà kò jìn ju orúnkún àgbàlagbà lọ nínú ilẹ̀. Àwọn tó rì í ní ó jìn tó àyà ènìyàn nígbà tí àwọn bò ó. Ọkùnrin méjì tó ń gbẹ́ ibojì ló fi ọkọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ekpè, lójú ọ̀nà etíkun tó ti Kútọnu lọ sí Sèmè.

"Mo rò pé gbòǹgbò àgbọn ni," èyí àgbà nínú wọn sọ fún mi. "Mo tún fi ọkọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kejì."

Èkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. "Èmi ti dé etí títì nígbà yẹn. Òun ló dúró, tó ń kan ilẹ̀kùn."

Mo ti ń kọ ìròyìn ní Kútọnu tipẹ́, ẹ̀yìn mi sì ti mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà Ekpè lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti Ekpè, ó ti rẹ̀ mí kí n tó gun sẹ́mì, ọ̀kadà tó ń gbé wa káàkiri. Mo rò pé wákàtí kan péré ni màá lò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ.

Ìyá arúgbó kan ni wọ́n ń gbẹ́ ibojì náà fún. Ará Pobè ni òun àti ọkọ rẹ̀, Yorùbá Nàgó bíi tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ létíkun. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. Ó ti sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń se òróró àgbọn pé ẹ̀gbẹ́ bàbá ni kí wọ́n tẹ́ òun sí. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè nìyẹn. Òkú sì wà ní mọ́ṣúárì, ó ń dúró.

Mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá kò sí àmì lórí ilẹ̀ ni. Àmì wà. Ilé-iṣẹ́ tó ni páìpù gbin òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké lé e lórí, wọ́n kun orí wọn ní yẹ́lò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, òpó sìmẹ́ńtì ni ẹni tó bá ra ilẹ̀ kọ́kọ́ ń gbìn sí igun rẹ̀. Gbogbo àdúgbò gbà pé ẹnì kan ti ta ilẹ̀ wọn lẹ́yìn wọn. Olóògbé fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fa mẹ́ta tu. Ọmọ rẹ̀ fi wọ́n hàn mí: wọ́n ti di ààrò, ìkòkò òróró ń hó lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ yanrìn tún wà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti wọ yàrá, wọ́n á bu yanrìn lẹ́yìnkùlé, wọ́n á fi gbé ilẹ̀ pálọ̀ ga. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń bù ú.

Lọ́jọ́ kẹta, ilé-iṣẹ́ rán ẹnjiníà wọn wá, ọmọbìnrin kan tó kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi, tó sì gbọ́ èdè Nàgó lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé kó tó dé àṣíborí iṣẹ́. Ó wọn kòtò náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Páìpù kò gòkè, Màmá," ó sọ fún ọmọ olóògbé. "Ilẹ̀ yín ló wálẹ̀."

Bàbá kan ládùúgbò bi í pé kí ló dé tí wọn kò rì í jìn bíi kànga. Ó ní omi kànga gan-an ni ìṣòro. Ní etíkun yìí, bí ènìyàn bá gbẹ́lẹ̀ dé ìbàdí, omi ti dé. Páìpù gáàsì sì fúyẹ́. Nínú omi, á fẹ́ léfòó bí akèrègbè òfìfo, àfi kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì dípẹtà, wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́n omi kí wọ́n tó rí i tún ṣe. Bí wọn kò bá sì rì í jìn, ọkọ́ á bá a.

"Ibi tí ọkọ́ kò ní bá a, tí omi kò sì ní gbé e, ibẹ̀ là ń wá."

"Ẹ má wá a mọ́," bàbá náà dáhùn. "Àwa ti bá yín rí i."

Mo bi ẹnjiníà bóyá ẹnikẹ́ni ro ti àwọn tó ń bu yanrìn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán iṣẹ́ náà.

"A kọ òjò sínú àwòrán. A kọ ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gba orí páìpù kọjá sínú rẹ̀. Igbá tó ń bu yanrìn, a kò kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń wá ibi ìjókòó.

Ọmọ olóògbé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ibojì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bàbá òun, nítòsí ògiri. Ẹnjiníà na okùn ìwọ̀n. Ó ká a padà díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ náà sún mọ́ páìpù jù. Ibojì bàbá gan-an wà nínú ààlà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́.

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀. "Yanrìn tó yẹ kó bo màmá mi," ó ní, "màmá mi ti fi ṣe ilẹ̀ pálọ̀."

Nígbà tí mo máa fi lọ lẹ́ẹ̀kẹfà, wọ́n ti sin ìyá náà sí itẹ́ òkú ìlú ní Sèmè. Ọmọ rẹ̀ ti ní kí wọ́n fi àyè bàbá sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀. Mo bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó rò pé bàbá á gbà láti kúrò nílé.

"Nígbà ayé wọn, ibi tí màmá bá lọ ni bàbá ń tẹ̀lé wọn lọ. Bàbá á tún tẹ̀lé wọn."

Mo gba mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kọjá nígbà tí mò ń padà bọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà yóò fi pátákó sìmẹ́ńtì bo páìpù, wọn yóò da yanrìn lé e, wọn yóò sì gbin òpó tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ kò ní jọ ti onílẹ̀ kankan. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní ti gbígbé òkú bàbá lọ sí Sèmè, ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí lẹ́yìn òjò, wọn yóò sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.